Pọ́túlákà Lórí Ilẹ̀ Yangí: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Iwájú Ilé Wa ní Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo

Ilẹ̀ tí iṣẹ́ yìí dá lé lórí kò tóbi. Àárín ògiri iwájú ilé àti gọ́tà títì ló wà. Ó gùn tó mítà mẹ́fà, ó fẹ̀ tó mítà kan àbọ̀, ó sì dagẹ̀rẹ̀ láti ìdí ògiri wá sí etí gọ́tà. Oòrùn ń pa á láti nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kò sí igi kankan tó ṣíji bò ó. Ilẹ̀ pupa ni, yangí ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà òjò, ọ̀gbàrá a máa wọ́ ọ lọ sínú gọ́tà, gọ́tà á gbé e lọ sínú àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn lọ bá Ọ̀ṣun. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, eruku rẹ̀ ló ń wọlé bá wa lórí àga. Koríko òyìnbó la ti gbìn síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àmọ́ bí ọyẹ́ bá ti mú, gbígbẹ ló ń gbẹ àfi bí a bá ń pọnmi rọ ọ́ lójoojúmọ́. Kànga la gbójú lé, omi inú kànga sì máa ń fà sẹ́yìn lóṣù Èrèlé àti Ẹrẹ́nà. N kò lè máa da omi tí ẹlòmíràn ń wá mu sórí koríko.

Ohun tí mo ń wá ni ewéko tí yóò bo ilẹ̀, tí yóò di erùpẹ̀ mú, tí yóò máa tanná, tí kò sì ní máa bá wa du omi kànga. Pọ́túlákà ni mo yàn. Bí àwọn tó ń ta fláwà lẹ́bàá títì ṣe ń pè é nìyẹn. Bí ẹ bá ti dárúkọ rẹ̀, wọ́n á mú un wá nínú ọ̀rá dúdú. Orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àwọn onímọ̀ ewéko ni Portulaca grandiflora. Ìbátan pápásan inú oko wa ni, ó sì tan mọ́ gbúre lókèèrè.

Kí ẹni tó fẹ́ gbìn ín ní ìlú wa tó ra ẹ̀ka kan ṣoṣo, ohun kan wà tí mo fẹ́ kó mọ̀ dájú. Ọ̀dá kọ́ ni ọ̀tá pọ́túlákà ní Òṣogbo, òjò ni. Òjò tó ń rọ̀ síbí lọ́dún kan lé ní 1,000 mílímítà, inú oṣù mélòó kan ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì ń já sílẹ̀. Ewéko tó lè fara da ẹ̀ẹ̀rùn láìkú lè jẹrà láàárín ọ̀sẹ̀ kan nínú ilẹ̀ tí omi dúró sí. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ ilẹ̀ fi pọ̀ nínú àkọsílẹ̀ yìí ju iṣẹ́ omi lọ.

Ìwà ewéko náà

Gúúsù Amẹ́ríkà ni orísun rẹ̀, ní Ajẹntínà, Urugúwè àti ìhà gúúsù Bùràsíìlì, níbi tí ilẹ̀ ti jẹ́ yanrìn tí oòrùn sì ń mú gan-an. William Jackson Hooker ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ nínú ìwé lọ́dún 1829. Kì í ga. 15 sí 20 sẹ̀ǹtímítà ló máa ń mọ, fífẹ̀ ló ń fẹ̀ káàkiri ilẹ̀. Ewé rẹ̀ kéré, ó gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì kún fún omi. Inú ewé àti ọ̀pá yẹn ló ń tọ́jú omi sí de ọjọ́ ọ̀dá.

Àmọ́ omi tó kó pa mọ́ nìkan kọ́ ló gbára lé. Ọ̀pọ̀ jù lọ ewéko ló ní ihò tín-ín-tìn-tín lára ewé, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ kábọ́nì ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà ni omi ń gbà sá jáde. Ìran pọ́túlákà ní ọgbọ́n méjì fún èyí. Ọ̀kan ni irú èyí tí àgbàdo àti ìrèké ń lò, tó jẹ́ kí wọ́n lè ṣe oúnjẹ dáadáa nínú oòrùn líle láìná omi lápàpọ̀jù. Èkejì jọ ti ọ̀pẹ̀ òyìnbó: bí ilẹ̀ bá gbẹ, á kó kábọ́nì pa mọ́ lóru, á wá fi ṣe oúnjẹ lójúmọmọ. Ewéko tó ní ọgbọ́n méjèèjì ṣọ̀wọ́n púpọ̀. Lọ́dún 2022, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Yale lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé nínú ewé pápásan, inú sẹ́ẹ̀lì kan náà ni méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́. Pápásan tí à ń tu sọnù nínú oko ẹ̀gẹ́! Láti ìgbà tí mo ti mọ èyí ni mo ti ń fi ojú ọ̀wọ̀ wo ìdílé ewéko yìí.

Òdòdó rẹ̀ kò dàbí èyí tó ń ṣí títí. Bí oòrùn bá mú ló ń là, nígbà tó bá di ọ̀sán á padé, òdòdó kọ̀ọ̀kan kì í sì í ju ọjọ́ kan lọ. Lọ́jọ́ tí ìkùukùu bá ṣú, ọ̀pọ̀ wọn kì í là rárá. Ẹni tó bá ń ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́ lè rò pé tiẹ̀ kì í tanná. Ohun kan wà tí mo fẹ́ràn láti máa fi han àwọn ọmọdé: bí ẹ bá fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan àwọn fọ́nrán kéékèèké tó gbé lẹ́búlẹ́bú dúró láàárín òdòdó náà, wọ́n á rọra tẹ̀ wá síbi tí ẹ ti kàn wọ́n. Bí oyin bá bà lé e, bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe.

Èrèlé: mo wo bí ilẹ̀ ṣe ń fa omi

Mo gbẹ́ ihò kan sí apá òkè àti òmíràn sí apá ìsàlẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan jìn tó 30 sẹ̀ǹtímítà. Mo da omi kún wọn, mo jẹ́ kó fà, mo tún dà á kún. Ti òkè ti gbẹ kí a tó jẹun ọ̀sán. Ilẹ̀ ṣú, omi ṣì wà nínú ti ìsàlẹ̀. Kò ṣòroó mọ ìdí rẹ̀: amọ̀ tí ọ̀gbàrá ti ń wọ́ láti òkè láti ọdún mélòó kan ló ti dì jọ sí etí gọ́tà, ó ti dí ojú yangí. Apá ìsàlẹ̀ yìí ni iṣẹ́ wà.

Mo tún wo òrùlé. Igun kan wà tí omi páànù ti ń já wálẹ̀ ṣọọrọ sórí ilẹ̀ yìí gan-an. Mo sàmì sí i.

Ẹrẹ́nà: ilẹ̀ ṣíṣe

Èmi àti Tóbi ọmọ mi la fi ọkọ́ àti ṣọ́bìrì ṣe é. Ní apá ìsàlẹ̀, a kó amọ̀ yẹn kúrò pátá títí a fi kan yangí, a sì fi dígà tú ojú yangí náà kí omi lè ráyè wọlẹ̀. A la kòtò tóóró kan sí etí gọ́tà, ó jìn tó ọwọ́ dé ìgúnpá, a da òkúta gíráńáìtì wẹ́wẹ́ kún un, a sì dá ihò méjì sí ara etí gọ́tà kí omi tó bá sọ̀ kalẹ̀ lè ráyè jáde. Ní àárín ilẹ̀, a to òkúta ní ìlà méjì dábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, kí erùpẹ̀ má baà ṣí nílẹ̀ kí gbòǹgbò tó dì í mú.

Àpòpọ̀ tí a dà lé e: ìdá méjì ṣáàpù sáǹdì, ìdá kan yangí tí a fi asẹ́ oníhò ńlá jọ̀, àti ìdá kan nínú erùpẹ̀ ilẹ̀ náà gan-an. Ṣáàpù sáǹdì tí àwọn bíríkìlà fi ń po kọnkéré ni mo ń sọ o, kì í ṣe yanrìn kúnná tí wọ́n fi ń rẹ́ ògiri. Èyí tó kúnná a máa dì pọ̀ bí òjò bá ti lù ú, omi ò sì ní ríbi gbà mọ́. Ó nípọn tó 15 sẹ̀ǹtímítà lápá òkè, tó 25 nísàlẹ̀. Yanrìn yìí ló gba owó jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Ẹ̀ka fláwà kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìyá Ràṣídà, tó ń ta ẹ̀kọ ní òdìkejì títì, wá dúró wò wá.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Tóbi. Ṣé ilé lẹ fẹ́ fi kún ilé ni?"

"Ẹ ṣé o, Ìyá Ràṣídà. Fláwà la fẹ́ gbìn."

"Fláwà, nínú òkúta? Ẹ jẹ́ kí n bá yín gba ìgbẹ́ adìẹ lọ́wọ́ àbúrò mi, ó ń sin adìẹ. Ilẹ̀ yìí kò lọ́ràá rárá."

"Ẹ bá mi gbà á o, ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé ni n ó fi fún. Eléyìí, bó bá jẹ àjẹyó, ewé lásán ló máa kó jọ, kò ní tanná, ọ̀pá rẹ̀ á sì rọ̀."

"Kò burú. Ẹ̀yin náà ẹ rántí mi bó bá ti yọ."

Òótọ́ lohun tí mo sọ fún un. Àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ kì í fún un ní ìgbẹ́ ẹran tàbí ajílẹ̀ òyìnbó lọ́pọ̀. Ilẹ̀ tálákà ni ilẹ̀ rẹ̀.

Igbe: ẹ̀ka gígé àti gbígbìn

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ ṣùgbọ́n kò tíì gbòde. Ọjọ́ mélòó kan ń wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Mo rí i pé àkókò yìí ló dára jù fún gbígbìn, nítorí ilẹ̀ tutù tó fún gbòǹgbò láti yọ, kò sì tíì tutù tó láti mú ọ̀pá rà.

Mo ra ìwọ̀nba nínú ọ̀rá, ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìta-Olókan sì fún mi ní ẹ̀ka púpọ̀ sí i láti inú tirẹ̀. Ẹ̀ka tó gùn tó ìka ọwọ́ la gé, 7 sí 10 sẹ̀ǹtímítà. A já ewé ìsàlẹ̀ dànù, a já òdòdó àti ìrudi kúrò kí agbára má baà lọ síbẹ̀. A tẹ́ wọn sábẹ́ ìbòòji di ọjọ́ kejì kí ojú ọgbẹ́ náà gbẹ, torí ojú ọgbẹ́ tútù ni ìdíbàjẹ́ ń gbà wọlé. Lẹ́yìn èyí, a ki ìdí wọn bọ yanrìn, a fi ọwọ́ tẹ ilẹ̀ mọ́ wọn, a wọ́n omi fẹ́ẹ́rẹ́. Kò nílò oògùn gbòǹgbò kankan. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, bí ẹ bá rọra fà á, ẹ ó mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ pé ó ti di ilẹ̀ mú.

Ọwọ́ tí a nà láti àtàǹpàkò dé ìka kékeré la fi wọn àlàfo, ìyẹn jẹ́ nǹkan bí 20 sẹ̀ǹtímítà. Lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó mítà mẹ́sàn-án níbùú lóròó, ẹ̀ka tó gbà tó 225. Ẹni tí kò bá ní tó bẹ́ẹ̀ lè fi àlàfo 30 sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀, àmọ́ kó múra sílẹ̀ fún èpò títu, nítorí ilẹ̀ á pẹ́ kó tó bò.

Apá kan wà tí mo fi irúgbìn ṣe. Irúgbìn rẹ̀ kéré ju ti tẹ̀tẹ̀ lọ, ó sì nílò ìmọ́lẹ̀ kó tó hù, nítorí náà ẹ má bò ó mọ́lẹ̀. Mo pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ, mo fọ́n ọn, mo fi pátákó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo sì ń fọ́n omi sí i láràárọ̀. Ó hù láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀ka yá ju irúgbìn lọ, àmọ́ oríṣiríṣi àwọ̀ ni irúgbìn mú wá: pupa fòò, funfun, ìyeyè, àwọ̀ ọsàn, àti oríṣi kan tó funfun tí ìlà pupa sì gba inú rẹ̀ kọjá.

Ewúrẹ́ àdúgbò gbọ́ òórùn rẹ̀ kí oṣù tó parí. Wáyà oníhò la fi ṣe ọgbà yí i ká, ó ga dé orókún, wọn kò sì rí i dé mọ́. Adìẹ ló yẹ kí ẹ ṣọ́ jù níbẹ̀rẹ̀, torí títan ni wọ́n ń tan ẹ̀ka tí kò tíì ta gbòǹgbò.

Èbìbí sí Agẹmọ: ìgbà òjò gangan

Lóṣù Èbìbí, ẹ̀ka ń nà, òdòdó ń là láràárọ̀, oyin sì ń wá. Èpò ni iṣẹ́. Koríko tí ọ̀pá rẹ̀ ní igun mẹ́ta, tó ń fi kóró pamọ́ sábẹ́ ilẹ̀, ló le jù. Bí ẹ bá já a lókè, á tún yọ. Lẹ́yìn òjò, nígbà tí yanrìn bá ṣì tutù, ni mo máa ń fi ọ̀bẹ yọ ọ́ tòun ti kóró. Pápásan náà ń hù láàárín wọn, kò sì rọrùn láti dá a mọ̀ nígbà tó bá kéré. Ewé pápásan tẹ́, orí rẹ̀ fẹ̀, òdòdó ìyeyè rẹ̀ kò sì tó èékánná. Èyí tí a bá tu, ìyàwó mi ń kó o sínú ọbẹ̀ ilá. Pọ́túlákà olódòdó ńlá kì í ṣe ti ọbẹ̀ o. Ẹni tó bá ní ajá tàbí olóńgbò kó má jẹ́ kí wọ́n máa jẹ ẹ́, torí èròjà kan wà nínú rẹ̀ tó lè ṣe wọ́n ní jàǹbá bó bá pọ̀.

Nígbà tó fi di Òkúdù, òjò ń rọ̀ léraléra. Òdòdó dín kù nítorí ojú ọ̀run kì í mọ́. Apá ìsàlẹ̀ tí mo bẹ̀rù fún kò ní wàhálà. Lẹ́yìn òjò ńlá, mo ń rí omi tó ń ṣẹ́ jáde láti inú àwọn ihò etí gọ́tà, omi mímọ́ ni, kò pupa bíi ti tẹ́lẹ̀. Inú mi dùn sí omi yẹn ju òdòdó lọ. Erùpẹ̀ wa ti dúró nílé.

Igun abẹ́ páànù ni ìṣòro dé sí ní Agẹmọ. Ìdí àwọn ọ̀pá ibẹ̀ di àwọ̀ ilẹ̀, ó rọ̀, bí mo sì ṣe fọwọ́ kàn án ló já. Ọ̀pá tó bá ti rà nídìí kò ṣe é gbà sílẹ̀ láti ìdí, orí rẹ̀ ló ṣe é gbà. Mo tu gbogbo ohun tó rà pẹ̀lú yanrìn tó yí i ká, mo gé orí tó ṣì le, mo gbin wọ́n sínú ọ̀rá omi tí mo da ṣáàpù sáǹdì kún tí mo sì lu ihò sí nísàlẹ̀, mo gbé wọn sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí oòrùn àárọ̀ ti ń dé ṣùgbọ́n tí òjò kì í kàn. Fún igun náà, páìpù la so mọ́ etí páànù kí omi lè gba inú rẹ̀ lọ tààrà sí gọ́tà.

Ọ̀rá abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí, mo gbà pé kí gbogbo ẹni tó bá gbìn ín níbí máa ní in láti Òkúdù sí Agẹmọ, bí tiwọn kò tilẹ̀ rà. Ẹ̀ka mẹ́wàá péré nínú ọ̀rá tó láti tún ilẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀.

Ìgbín pẹ̀lú ń jẹ orí ẹ̀ka lóru. Mo ń fi tọ́ọ̀ṣì ṣà wọ́n.

Ògún sí Ọ̀wàrà

Òjò dáwọ́ dúró fúngbà díẹ̀ ní Ògún, bó ṣe sábà máa ń ṣe. Oòrùn mú, gbogbo ìrudi tó ti há láti oṣù méjì sì bú jáde pọ̀. Àsìkò Ọdún Ọ̀ṣun ni, àlejò kún ìlú, àwọn èèyàn sì ń dúró lẹ́bàá ọgbà wa láti ya fọ́tò. Mo gé àwọn ọ̀pá tó ti gùn jù sí ìdajì, torí bí a kò bá gé e, ìdí rẹ̀ á dá wà ní ìhòòhò, orí nìkan láá máa tanná. Ẹ̀ka tí a gé la fi dí igun abẹ́ páànù.

Ilẹ̀ ti bò tán kó tó di Ọ̀wẹ́wẹ̀. Òjò padà wá, ó sì le, ṣùgbọ́n ewé ló ń kọ́kọ́ bà lé báyìí, kì í lu ilẹ̀ tààrà mọ́. Èpò pẹ̀lú kò ríbi hù. Ní Ọ̀wàrà mo ṣa irúgbìn: àpò irúgbìn rẹ̀ kékeré ní ìdérí, bó bá gbó, ìdérí náà á ṣí, irúgbìn á dà sílẹ̀. Ẹ ṣà á kí ó tó ṣí, nígbà tó bá ti ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Èyí tí òdòdó rẹ̀ nípele púpọ̀ kì í sábà ní irúgbìn tó pọ̀, ẹ̀ka ni kí ẹ fi dá a sí.

Bélú sí Ṣẹ́rẹ́: ẹ̀ẹ̀rùn àti ọyẹ́

Ibí ni omi ti kàn, kò sì pẹ́ẹ́ sọ. Ewé ló ń sọ fún wa. Bó bá ṣì ki, tó ń dán, ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá ti ń hunjọ, tó sì rọ̀ láàárín ìka, ẹ fún un lómi dáadáa títí yóò fi wọ ìsàlẹ̀, kí ẹ sì tún gbàgbé rẹ̀. Omi díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ kò dára fún un, orí ilẹ̀ ni gbòǹgbò rẹ̀ á máa rìn. Kẹ́ẹ̀tùlù la fi ń rọ ọ́ nídìí, ní kùtùkùtù. Omi tí a fi ṣan ìrẹsì náà wúlò. Omi ọṣẹ tàbí omi oníyọ̀ kò wúlò. Ní gbogbo ìgbà ọyẹ́, omi tó lò kò tó ìdá kékeré nínú èyí tí koríko òyìnbó ń gbà lọ́wọ́ wa.

Iná ewéko, àwọn kòkòrò kéékèèké tó ń fa omi ara ewé mu, bo orí ẹ̀ka kan ní Bélú. Tóbi pò omi ọṣẹ fẹ́ẹ́rẹ́, ó fọ́n ọn sí orí wọn lálẹ́, ó sì fi omi lásán ṣàn án láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Wọ́n lọ. Òdòdó kéré sí i nígbà ọyẹ́, kò sì dáwọ́ dúró. Eruku tó bà lé ewé ni mo ń fi omi fọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí oòrùn lè ráyè dé ara wọn.

Èrèlé, ọdún kejì

Ní ìlú olótùútù, ọdún kan ni pọ́túlákà ń lò. Níbí ó ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó ń darúgbó: àárín rẹ̀ le bí igi, ewé ibẹ̀ sì ti já. A ó gé gbogbo apá òkè sí ìwọ̀n ìka mẹ́rin sí ilẹ̀ nígbà tí òjò bá kọ́kọ́ rọ̀, a ó sì fi ẹ̀ka tuntun rọ́pò èyí tó bá ti le jù.

Ìyá Ràṣídà ti wá gba tirẹ̀. Iwájú ìsọ̀ rẹ̀ wà lábẹ́ páànù, oòrùn kò tó wákàtí mẹ́ta níbẹ̀, wákàtí mẹ́fà ó kéré tán ni pọ́túlákà ń fẹ́ kó tó lè tanná. Mo sọ fún un pé kò ní ṣe é níbẹ̀. A wá yan apá ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ìlà-oòrùn lẹ́bàá gọ́tà. A ti gbẹ́ ihò, a ti da omi sí i, ó sì fà dáadáa. Ṣáàpù sáǹdì ló kù láti rà.